Ìró Ìpọnmọ Tó Bọ́ Sínú Apẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù ilé wa kọ́kọ́ dákẹ́ fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé ooru ti kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ṣí fèrèsé pálọ̀, atẹ́gùn tútù wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pè sí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó pè mí sí iṣẹ́ kankan o. Láti oṣù karùn-ún tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí ní yunifásítì tó wà láàárín ìlú ni mo ti ń kọ̀wé wáṣẹ́ kiri, tí wọ́n ń dá mi lóhùn pé àwọn dúpẹ́, ẹlòmíràn ni àwọn mú. Síbẹ̀ inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdùnnú ọ̀hún dáadáa, torí ẹ̀rù máa ń bà mí pé àwọn èèyàn á rò pé mò ń ṣe àṣejù. Kì í ṣe ìdùnnú ẹni tó rí nǹkan gbà. Ìdùnnú ẹni tó ti ń mí gúlegúle látìgbà ooru ni, tó wá ṣàdédé rí i pé òun lè mí kanlẹ̀.

Norcross, nílẹ̀ òyìnbó níbí, ni à ń gbé, èmi àti màmá mi, nínú apátímẹ́ńtì oníyàrá méjì. Igi kan wà lẹ́yìn fèrèsé wa tí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n létíletí kó tó pọ́n tán. Ní àárọ̀ Sátidé tí màmá mi ò bá ní shift ní hospital, wọ́n á lọ ẹ̀wà, wọ́n á din àkàrà, èmi á po ògì. Nígbà ooru, ìyà ni ògì gbígbóná. Ṣùgbọ́n tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀pù náà mú, tí ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú, mo máa ń wò yíká pálọ̀ wa bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù, n kò sì ní rí nǹkan kan tó dín.

Ìwé ìwáṣẹ́ ni mo lọ tẹ̀ ní library tó wà nítòsí wa tí mo fi bá àwọn obìnrin kan pàdé. Ilẹ̀kùn yàrá kan ṣí sílẹ̀. Àwọn obìnrin bíi méje jókòó yí tábìlì ká, aṣọ wẹ́wẹ́ kún iwájú wọn bí ewé tó já sílẹ̀. Èyí tó dàgbà jù láàárín wọn na abẹ́rẹ́ sí mi.

“Baby, bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí. Ó ti di ọ̀tá mi láti àárọ̀.”

Òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe dún létí mi nìyẹn. Mo fi òwú bọ̀ ọ́. Wọ́n fún mi ní òmíràn. Mo bọ ìyẹn náà. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, mo ti jókòó, ẹnì kan ti gbé aṣọ méjì lé mi lọ́wọ́, ìwé tí mo wá tẹ̀ sì wà lórí ẹ̀rọ níbi tí mo gbàgbé rẹ̀ sí.

Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Gbogbo àwọn tó kù ló ń pè wọ́n lórúkọ, àní èyí tí kò ju ọjọ́ orí mi lọ púpọ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. “Ma” ni mò ń pè wọ́n lójúkojú, Ìyá Àgbà ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe máa pè wọ́n níbí.

Quilt ni ohun tí wọ́n ń rán ń jẹ́. Wọ́n á gé oríṣiríṣi aṣọ ní igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á rán an pọ̀ títí á fi fẹ̀ bí ìbora, wọ́n á tẹ́ òwú pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi odindi aṣọ kan ṣe ìsàlẹ̀, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe délé, inú mi ń dùn bí ẹni tó kọ́lé. Ojú abẹ́rẹ́ mi rí wúruwùru bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Màmá mi yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

“Ọdún mẹ́rin ni mo fi rán ọmọ lọ yunifásítì,” ni wọ́n wí. “Àbùlẹ̀ ló wá ń kọ́.”

“Mọ́mì, art ni.”

“Art! Art yẹn náà ni bàbá bàbá mi wọ̀ lọ sóko títí tó fi kú.”

Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i tí wọ́n rọra ti ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ rẹ̀.

N kò lè sọ bí mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó láìsọ bí orí mi ṣe rí. Orí mi jẹ́ orí tó máa ń sáré. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo ti ń ro ohun tí n ó sọ tí wọ́n bá bi mí léèrè nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè mí sí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gún abẹ́rẹ́ wọ aṣọ, orí náà á tẹ̀lé ọwọ́ mi, á máa lọ bí ọwọ́ bá ṣe ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí aago tó dún. Mò ń fi ayọ́ọ̀nù lọ aṣọ wẹ́wẹ́ láàárọ̀ kùtù, òórùn aṣọ gbígbóná gba ilé, ewé ń já lẹ́yìn fèrèsé, mo sì ń kọrin.

Àṣà kan wà láàárín àwọn obìnrin náà. Apẹ̀rẹ̀ kan wà láàárín tábìlì. Ẹni tó bá ti bá wọn jókòó fún oṣù kan, á mú aṣọ láti ilé rẹ̀ wá, á gé e, á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ náà, ẹni tó bá wù á sì lè mú un lò. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé quilt tí gbogbo aṣọ rẹ̀ bá ti inú ilé kan ṣoṣo wá kì í móoru. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà ti ibìkan wá.

Màmá mi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo fa àpótí wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn aṣọ tuntun ló wà lókè, n kò jẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ìró àǹkárá kan, aláwọ̀ ewé, ẹyẹ kéékèèké pupa rúsúrúsú wà lára rẹ̀. Ó ti ṣá, ó ti rọ̀ bí etí ọmọ. Mo rò pé gbígbó tó gbó ni wọ́n ṣe jù ú sísàlẹ̀. N kò rò ó wò pé ìsàlẹ̀ àpótí náà ni àwọn ìyá wa máa ń fi ohun tí wọn ò fẹ́ kí ó sọnù sí. Mo gé etí rẹ̀ kan, ó di ègé onígun mẹ́rin mẹ́jọ. Mo ká èyí tó kù padà síbi tó wà.

Nígbà tí mo da mẹ́jọ náà sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin náà pariwo. Wọ́n ń fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ń béèrè irú ẹyẹ tí ẹyẹ náà jẹ́. Ìyá Àgbà mú méjì lójú ẹsẹ̀, wọ́n tì í bọ inú báàgì wọn kí ẹlòmíràn tó bá wọn dù ú. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé mo fi ẹsẹ̀ rìn délé dípò kí n dúró de bọ́ọ̀sì, mo ń tẹ ewé gbígbẹ lójú títì kí n lè máa gbọ́ bó ṣe ń dún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òtútù wá gidi. Màmá mi ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, wọ́n lọ wá súwẹ́tà nínú àpótí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́:

“Ta ló gé ìró yìí?”

Èmi àti wọn nìkan là ń gbé inú ilé yẹn.

“Èmi ni, Mọ́mì.”

“Kí lo fi ṣe?”

“Mo kó o fún àwọn ìyá tí mò ń bá ránṣọ ní library.”

Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Aṣọ tí mo ró mọ́dìí. O gé e, o pín in fún àwọn tí mi ò mọ ilé wọn.”

“Mọ́mì, quilt ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.”

“Ṣé mo ní wọ́n fẹ́ fi jẹ̀bà ni?”

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé etí aṣọ tí èèyàn ti wọ̀ sára kì í ṣe ohun tí à ń fi tọrẹ níta. Bí télọ̀ bá rán aṣọ fún màmá mi, wọ́n á gba gbogbo ìrépé rẹ̀ padà, títí kan èyí tí kò ju èékánná lọ. Níbi tí wọ́n ti ń dirun, wọ́n á ṣa irun tó já bọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e bọ̀ wálé. Bí wọ́n ṣe jẹ́ nọ́ọ̀sì tó yẹn, bí wọ́n ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó yẹn, wọn ò fi àṣà náà sílẹ̀. Èmi sì ti bá wọn gbé irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wọ mọ́tò láìmọye ìgbà. Kàkà kí n rántí, inú mi kàn ń dùn ni, ìdùnnú ọ̀hún ló sì bò mí lójú.

“Mi ò ní èèyàn burúkú ni wọ́n,” ni màmá mi wí, bíi pé wọ́n gbọ́ ohun tí mò ń rò. “Mo kàn mọ ibi tí mo ti wá ni. Ṣé o tiẹ̀ mọ aṣọ tó jẹ́? Òun ni mo fi pọn ẹ̀gbọ́n ẹ. Òun ni mo fi pọn ìwọ náà. Nígbà tí ibà dá ọ wó nÍbàdàn, ọjọ́ mẹ́ta lo wà lẹ́yìn mi nínú ìró yìí. Wọ́n ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo kọ̀. Mo tọ́jú ẹ̀ dè ọ́ ni.”

“Dè mí láti ṣe kí ni?”

“Láti pọn ọmọ ẹ, àbí inú stroller lo fẹ́ kó gbogbo wọn sí?”

“Mọ́mì, mi ò tíì ríṣẹ́.”

“Ṣé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń pọnmọ? Gbé pílò wá.”

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n tún un sọ. Mo gbé pílò wá. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tàwọn ti aṣọ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé pílò sẹ́yìn, wọ́n ta ìró náà bò ó, wọ́n fà á wá síwájú láti so ó. Ó kù díẹ̀ kí etí kan má kan èkejì. Wọ́n mí sínú, wọ́n fi tipátipá so ó, wọ́n wá fò sókè lẹ́ẹ̀mejì láti dán an wò. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ wa yọ́ bọ́ láti abẹ́ apá wọn. Mo sáré gbá a mú kó tó kan ilẹ̀. A wo ara wa, ẹ̀rín sì fẹ́ pa wá. Ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́. Wọ́n tú ìró náà, wọ́n ká a sórí itan wọn.

“Mẹ́jọ lo gé,” ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. “Mẹ́jọ ni mo fẹ́ rí nínú ilé yìí.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo kọ ohun tí n ó sọ sínú ìwé, mo sì ń kà á níwájú dígí. Kò sí bí mo ṣe sọ ọ́ tí kò dún bí ìwọ̀sí. Ẹ̀bùn ni mo fẹ́ gbà padà. Tí mo bá ní màmá mi ń bẹ̀rù, wọ́n á rò pé a pè wọ́n ní àjẹ́. Tí mo bá purọ́, tí mo ní àṣìṣe ni, irọ́ ni, irọ́ sì máa ń fojú hàn lára mi. Mo tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí n má wá mọ́, kí n sì sọ òtítọ́, ìyẹn dùn mí ju gbogbo ìwé tí wọ́n ti fi kọ̀ mí níṣẹ́ lọ.

Ní Sátidé, Ìyá Àgbà nìkan ló ṣáájú mi dé. Mo wá inú apẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà wà níbẹ̀. Mo kó o jáde, mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Baby, kí ló dé?” ni Ìyá Àgbà bi mí.

Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé fò lọ. Mo kàn sọ ọ́ bó ṣe rí: ìsàlẹ̀ àpótí, etí aṣọ, ọ̀rá irun, ibà ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ ju ohun tó yẹ lọ. Mo sọ ti pílò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn nu. Lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n tẹ́ quilt kékeré kan sórí tábìlì. Ó ti fẹ́ parí. Láàárín rẹ̀ gan-an ni méjì tó kù wà, ẹyẹ ń wo ẹyẹ.

Ọmọ ọmọ wọn tó ń gbé ní College Park ló lóyún. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dókítà ti ní kò gbọdọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yára rán an.

Wọn ò bá mi jiyàn kankan. Wọ́n mú irin kékeré tí wọ́n fi ń tú òwú. “Tí màmá ẹ bá ní kó wálé, ó ń bọ̀ wálé nìyẹn. Ìyá bí èmi náà.”

Mo rí ojú abẹ́rẹ́ wọn, ó tò bí ìlà orí ìwé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fi ojú rí i. N kò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ wọn mú.

“Ẹ dúró ná, ma. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n.”

Mo sáré délé. Mo to mẹ́fà sórí tábìlì. Màmá mi kà á.

“Méjì dà?”

Mo sọ fún wọn. Wọ́n pa iná àkàrà.

“Mú bàtà mi wá.”

“Níbo là ń lọ?”

“Ibi tí aṣọ mi wà.”

Nínú mọ́tò, ewé ń fẹ́ lu dígí iwájú. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù nìkan kọ́. Mi ò tíì mú màmá mi lọ síbi tí mo dá rí fúnra mi rí.

Nígbà tí màmá mi wọ yàrá náà, tí wọ́n rí orí funfun Ìyá Àgbà, orúnkún wọn tẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé wọ́n ń bínú. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n rò pé màmá mi fẹ́ ṣubú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn, màmá mi gbé quilt kékeré náà, wọn ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yí síta, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ télọ̀ wò. Wọ́n fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Oyún oṣù mélòó?” ni wọ́n béèrè.

“Oṣù méje.”

“Ẹ̀jẹ̀ ríru ni?”

Ẹnu ya Ìyá Àgbà. “Òun ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú? Orí ń fọ́ ọ? Tí orí bá fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, kó má dúró de ẹnì kankan o. Kó gba hospital lọ.”

Ìyá Àgbà ń dáhùn bí ọmọ ilé ìwé, àwọn yòókù ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè tán, Ìyá Àgbà mú irin tí wọ́n fi ń tú òwú náà sọ́wọ́. “Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣé kí n tú u?”

Màmá mi fi àtàǹpàkò tẹ ẹyẹ kan, wọ́n tẹ èkejì.

“Ẹ má tú u,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ ẹ gbọ́ mi o. Aṣọ yìí kì í ṣe aṣọ ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri. Ọmọ ni kí wọ́n fi bò, kó tọ̀ sí i, kó bì sí i, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún fi bò ó. Mo sì fẹ́ gbàdúrà sí i kó tó kúrò níwájú mi.”

“Ẹ tètè gbà á,” ni Ìyá Àgbà wí, “kí ẹ tó yí ọkàn padà.”

Màmá mi ní kí wọ́n sọ orúkọ aboyún náà fún wọn. Ìyá Àgbà sọ ọ́ sí wọn létí. Òyìnbó ni màmá mi fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kò pẹ́ tó fi di Yorùbá, ó sì gùn. Àwọn obìnrin náà ń ṣe àmín níbi tí kò yẹ kí wọ́n ṣe é, wọ́n tún ń ṣe é níbi tó yẹ. Òṣìṣẹ́ library kan yọjú láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, òun náà ṣe àmín.

Àdúrà parí, mo rò pé ó tán. Màmá mi ní kí Ìyá Àgbà pe ọmọ náà lórí fóònù, kí wọ́n gbé e sí speaker. Ohùn ọmọbìnrin kan dáhùn, ó rẹ̀ ẹ́, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Báwo lo ṣe sùn báyìí?” ni màmá mi bi í, láìsọ ẹni tí wọ́n jẹ́. “Ẹ̀yìn lo fi lélẹ̀, àbí ẹ̀gbẹ́?”

“Ẹ̀yìn ni.”

“Apá òsì. Yí sí apá òsì, ọmọ mi, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú ẹ.”

“Yes, ma’am,” ni ohùn náà wí, gbogbo wa sì gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún bó ṣe ń yí padà.